Báwo Ni Ẹ̀rọ Ṣe Ń Rántí Wa Láti Ojú-Ìwé Kan Dé Èkejì?

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ṣú dẹ̀dẹ̀ lókè Màpó, níbi tí gbọ̀ngàn ńlá nì ti ń wo ìlú Ìbàdàn láti ọdún 1929, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan jókòó nídìí kọ̀ǹpútà ní káfè kan ní Bẹẹrẹ, ó ń kọ fọ́ọ̀mù ìwọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan. Ojú-ìwé kìíní béèrè orúkọ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀, ó kọ ọ́. Ìkejì béèrè èsì ìdánwò WAEC rẹ̀, ó kọ ọ́. Ìkẹta ní kí ó gbé àwòrán ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ síbẹ̀, ìwé-ẹ̀rí náà sì ń bẹ nínú àpótí ìyá rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ọmọ náà fò dìde, ó sáré lọ sílé, òjò sì há a mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kí ó tó padà dé ìdí ẹ̀rọ, ó ti lé ní 40 ìṣẹ́jú. Ó tẹ ibi tí wọ́n ní kí ó tẹ̀ kí iṣẹ́ lè máa lọ, ẹ̀rọ sì dá a lóhùn bí ẹni tí kò rí i rí láyé pé àkókò rẹ̀ ti pé, kí ó tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ó gbé ẹ̀dùn rẹ̀ wá bá mi ní ìrọ̀lẹ́. “Bàbá,” ló wí, “ẹ̀rọ tó mọ orúkọ mi ní ojú-ìwé kejì, kí ló dé tí kò mọ̀ mí mọ́ ní ìkẹta?” Mo sọ fún un pé ìbéèrè rẹ̀ jinlẹ̀ ju bí ó ti rò lọ, nítorí pé ẹni tó bá mọ bí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, ìrántí ti ojú-ìwé kejì ni yóò yà á lẹ́nu, ìgbàgbé ti ìkẹta kò ní yà á lẹ́nu rárá. Bí ìrántí náà ṣe ń wáyé ni a fẹ́ tú palẹ̀ ní orí yìí.

Òjíṣẹ́ tí kì í rántí àná

Ojú-ìwé tí à ń kà lójú kọ̀ǹpútà tàbí lójú fóònù, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í sí níbì kankan kí a tó béèrè rẹ̀. Kọ̀ǹpútà mìíràn tó wà lókèèrè, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń pè ní sáfà, ló ń tò ó fún wa lójú ẹsẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìyá aláàmàlà ti í dúró de oníbàárà kí ó tó mọ iye òkèlè tí yóò bù, àti bóyá gbẹ̀gìrì ni yóò pọ̀ lórí rẹ̀ tàbí ewédú. Bíráwúsà, ìyẹn ètò tí a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, ni a ń rán lọ. Yóò lọ kan ilẹ̀kùn sáfà, yóò jíṣẹ́ pé ojú-ìwé báyìí ni ọ̀gá òun ń fẹ́, sáfà yóò to ojú-ìwé náà, yóò dì í fún un, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ẹ jẹ́ kí á pe lílọ àti bíbọ̀ kan ṣoṣo yìí ní ìjíṣẹ́.

Òfin tó ń darí ìjíṣẹ́ ni ó fa gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Tim Berners-Lee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ ní CERN, ibùdó ìwádìí ńlá tó wà lẹ́bàá Geneva ní ilẹ̀ Switzerland, ni ó kọ àbá wẹ́ẹ̀bù, ètò tó ni òfin náà, ní 1989, tí ó sì ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé ní 1991. Ohun tí ó ń wá ni ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ yóò fi máa ka ìwé ara wọn láìfi ẹsẹ̀ rìn, ẹni tó bá sì fẹ́ ka ìwé, kò sí ìdí láti bi í ní orúkọ bàbá rẹ̀. Nítorí náà ni òfin ṣe sọ ìjíṣẹ́ kọ̀ọ̀kan di òmìnira ara rẹ̀, tí sáfà fi jẹ́ pé bí ó bá ti dáhùn tán, ó nu ọwọ́ nù, ẹni tó dá lóhùn níṣẹ̀ẹ́jú tó kọjá kò yàtọ̀ lójú rẹ̀ sí ẹni tí kò tíì wá rí.

Ẹ má ṣe pe èyí ní àléébù. Ìyá aláàmàlà tó bá ní kí òun máa há ojú oníbàárà kọ̀ọ̀kan, àti ohun tó jẹ lánàá, àti ibi tó jókòó sí, sórí, kò ní rí ọwọ́ bu oúnjẹ fún ẹni tó wà lórí ìlà. Bẹ́ẹ̀ náà ni sáfà tí kò ru ẹrù ìrántí ṣe lè dá ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lóhùn láìsú. Àwọn àgbà sì ti wí pé bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kò ní rí ẹni bá ṣeré.

Àrokò inú ẹ̀rọ

Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ kúrò ní ìwé kíkà, tí ó di ọjà títà, fọ́ọ̀mù kíkọ àti owó sísan, ìgbàgbé náà di ìṣòro. Ẹni tó mú aṣọ ní ojú-ìwé kìíní, bí yóò bá dé ojú-ìwé tí a ti ń sanwó, a ní láti mọ̀ pé òun náà ni, a sì ní láti mọ aṣọ tó mú. Ní 1994, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Lou Montulli, tó ń ṣiṣẹ́ ní Netscape, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe bíráwúsà ní Amẹ́ríkà, rí ọ̀nà àbáyọ. Ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù kan, MCI, ló fẹ́ máa tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì fẹ́ kí ọjà tí a kò tíì rà tán máa kún inú kọ̀ǹpútà òun. Montulli ní kí sáfà máa kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan fún bíráwúsà lẹ́yìn tó bá dá a lóhùn, kí bíráwúsà sì máa gbé ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ padà wá nígbàkúùgbà tó bá tún ń bọ̀. Kúkì ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ti ń lò tipẹ́ fún àmì tí a ń fún ènìyàn gbé lọ láìjẹ́ pé ó tú u wò.

Ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ èyí yóò mọ̀ pé ohun tí kò ṣàjèjì sí wa ni. Àwọn baba wa ń pàrokò. Bí Ìjẹ̀bú kan bá sín owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀, tó fi rán ọmọdé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹni tó gbà á mọ̀ pé ẹ̀fà ni, pé ọkàn ọ̀rẹ́ òun fà mọ́ òun. Ṣùgbọ́n ọmọ tó gbé e wá kò mọ̀ ju pé wọ́n ní kí òun gbé e wá lọ. Bíráwúsà ni ọmọ náà, kúkì ni owó ẹyọ. Ẹni tó pàrokò àti ẹni tó gbà á ló mọ ìtumọ̀ rẹ̀; sáfà, tó ń pa á tó sì tún ń gbà á padà, nìkan ló sì mọ ohun tí kúkì rẹ̀ dúró fún.

Kí ni kí á wá kọ sínú àrokò náà? Ẹ bá mi wo alájọ tí í kiri Ọjà'ba láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Ó fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní káàdì kékeré kan tó ní ilé 31, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ kan nínú oṣù. Bí ìyá elélùbọ́ bá ti dáwó tòní, alájọ a fa igi sínú ilé tòní. Ṣùgbọ́n ọlọgbọ́n alájọ kì í fi káàdì nìkan ṣe ẹ̀rí. Káàdì lè bọ́ sómi, eku lè jẹ ẹ́, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́ sì lè fa igi tí kò dá lówó sí i. Nítorí náà ni ó ṣe ní ìwé ńlá kan lábẹ́ apá, tí orúkọ àti owó gbogbo ènìyàn wà níbẹ̀, nọ́mbà tó wà lórí káàdì ló sì fi ń ṣí ìwé náà sí ojú ewé tó yẹ.

Àwọn tó ń kọ ètò fún sáfà kọ́ ọgbọ́n kan náà. Bíráwúsà kì í gbà kí kúkì kan ju nǹkan bí 4,000 lẹ́tà lọ, ẹni tí kúkì wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì lè ṣí i kí ó yí ohun tó wà níbẹ̀ padà. Wọ́n wá ń kọ nọ́mbà nìkan sínú rẹ̀, wọ́n sì ń pa ẹrù gan-an mọ́ sọ́dọ̀ sáfà. Nọ́mbà yìí kì í ṣe 41 tí 42 yóò tẹ̀ lé, nítorí pé olè tó bá gba 42 yóò mọ̀ pé ẹnìkan ń bẹ ní 41. Ńṣe ni ẹ̀rọ ń ṣà á bí ẹni ṣẹ́ gègé, láti inú àwọn nọ́mbà tó pọ̀ débi pé iye wọn, bí a bá kọ ọ́ sílẹ̀, yóò gba díjíìtì 39. Ẹni tó bá ní òun yóò máa méfò títí yóò fi bá ti ẹlòmíràn pàdé, yóò kú kí ó tó rí i.

Ọwọ́, yàrá àti àgbàlá

Níbo wá ni sáfà ń pa ẹrù náà mọ́ sí? Kí á kọ́kọ́ mọ irú ẹrù tó jẹ́. Nínú èdè tí a fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, irú bíi Java, a lè di ìmọ̀ pọ̀ mọ́ iṣẹ́ tí ìmọ̀ náà mọ̀ ọ́n ṣe. Apẹ̀rẹ̀ ọjà tó wà nínú sáfà mọ aṣọ tó wà nínú ara rẹ̀, bí a bá sì bi í pé èló ni gbogbo rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ yóò ṣírò rẹ̀. Irú ìdì bẹ́ẹ̀ ni mo ń pè ní ẹrù, ojú-ìwé púpọ̀ sì lè jọ máa lò ó, bí a bá gbé e sí ibi tí ọwọ́ wọn lè tó o.

Mo fẹ́ kí ẹ bá mi wọ agbo ilé kan ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, ní Ìbàdàn Mèsì Ọ̀gọ̀, ilé Olúyọ̀lé. Láti ẹnu ọ̀nà ni a ti ń bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, yàrá tò yí àgbàlá ká, kànga kan wà láàárín àgbàlá pẹ̀lú dòrò rẹ̀, Mọ́gàjí sì ni olórí tó ń mójú tó ohun tó jẹ́ ti gbogbo ẹbí. Ẹrù mẹ́ta ni ó wà nínú ilé yìí: èyí tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, èyí tó wà nínú yàrá ẹnìkọ̀ọ̀kan, àti èyí tó wà ní àgbàlá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni sáfà rí, ẹni tó bá sì mọ èyí tó yẹ ọwọ́, èyí tó yẹ yàrá àti èyí tó yẹ àgbàlá, ó ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà.

Ká ní ìyá kan tó ń ta aṣọ-òkè ní Ọjà'ba ṣí ìsọ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Oníbàárà kan kọ nọ́mbà fóònù rẹ̀, ó sì gbàgbé díjíìtì kan. Ojú-ìwé tó ń yẹ fọ́ọ̀mù wò rí àṣìṣe náà, ó kọ ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀, ó sì nà án sí ojú-ìwé mìíràn nínú sáfà kan náà pé kí ó fi han oníbàárà. Ẹrù ọwọ́ nìyẹn: láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni, láàárín ìjíṣẹ́ kan ṣoṣo, bí ìdáhùn bá ti jáde, a sọ ọ́ nù, ìkìlọ̀ àná kò sì ní padà wá dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ibi yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọsẹ̀. Bí ojú-ìwé kìíní bá na ẹrù sí èkejì nínú ilé, ẹrù dé. Ṣùgbọ́n bí ó bá sọ fún bíráwúsà pé, “Padà síta, kí o gba ẹnu ọ̀nà kejì wọlé,” ìjíṣẹ́ tuntun ni ìyẹn, òjíṣẹ́ ti jáde sí gbangba, ohun tó wà lọ́wọ́ nínú ilé kò bá a lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ náà yóò máa wá ẹrù rẹ̀ kiri, bẹ́ẹ̀ ni kò sí olè tó jí i.

Apẹ̀rẹ̀ tí oníbàárà ń kó ẹtù àti sányán sí kò gbọ́dọ̀ parun lẹ́yìn ìjíṣẹ́ kan. Ẹrù yàrá ni. Nígbà tí àlejò bá kọ́kọ́ dé, sáfà yóò ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún un, yóò sì fi nọ́mbà yàrá náà pàrokò fún bíráwúsà rẹ̀; láti ìgbà náà lọ, ojú-ìwé èyíkéyìí tí àlejò náà bá dé, àrokò yóò ṣí yàrá rẹ̀, apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ yóò wà níbẹ̀ bí ó ti fi í sílẹ̀. Gbogbo àkókò tí yàrá fi wà lọ́wọ́ àlejò kan ni mo pè ní àbẹ̀wò. Òun ló mú kí fọ́ọ̀mù ọmọ ẹ̀gbọ́n mi mọ orúkọ rẹ̀ ní ojú-ìwé kejì.

Ṣùgbọ́n iye owó ẹtù, sányán àti àlàárì, kò sí ìdí tí a ó fi kọ ọ́ sí yàrá ẹgbẹ̀rún àlejò lọ́nà ẹgbẹ̀rún. Àgbàlá ni ààyè rẹ̀: ẹ̀dà kan ṣoṣo, tí gbogbo ojú-ìwé àti gbogbo àlejò ń wò, tó wà níbẹ̀ láti ìgbà tí a ti tan ètò náà títí di ìgbà tí a ó pa á.

Dòrò kan, ọwọ́ méjì

Àṣìṣe méjì ló ń ba irú iṣẹ́ yìí jẹ́ jù, ọ̀dọ̀ àgbàlá sì ni àwọn méjèèjì ti ń wá. Èkíní ni kí a gbé ẹrù yàrá sí àgbàlá. Ẹni tó kọ ètò, tó bá ṣèèṣì gbé apẹ̀rẹ̀ ọjà sí ibi tó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, nígbà tí òun nìkan bá ń dán an wò nínú yàrá iṣẹ́ rẹ̀, kò ní rí àléébù kankan. Ọjọ́ tí àlejò méjì bá jọ wọlé ni àṣírí yóò tú: ohun tí Àdùkẹ́ mú ni Àjàní yóò bá nínú apẹ̀rẹ̀, àdírẹ́sì ilé ẹni ẹlẹ́ni yóò sì hàn sí ẹni tí kò yẹ kí ó rí i. A kì í sá ìwé àṣírí ilé sórí okùn aṣọ ní àgbàlá.

Èkejì farasin ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní ẹtù kan ṣoṣo ló kù nínú ìsọ̀, tí iye náà sì wà ní àgbàlá. Oníbàárà kan ní Bẹyẹrúnkà àti òmíràn ní Lọ́ńdọ̀nù jọ tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú-ìwé ti èkíní wò, ó rí 1; kí ó tó yọ ọ́ kúrò, ojú-ìwé ti èkejì náà wò, ó rí 1. Àwọn méjèèjì tà á. Irọ́ kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú wọn, síbẹ̀ a ti gba owó aṣọ kan lọ́wọ́ ènìyàn méjì.

Ìdí kànga ni a ti ń rí ojútùú rẹ̀. Ẹni mẹ́wàá lè wá pọnmi, ṣùgbọ́n dòrò kan ló wà, ẹni tí okùn rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò jù ú sísàlẹ̀, yóò fà á sókè, yóò da omi sínú korobá rẹ̀ tán, kí ó tó na okùn sí ẹni tó tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń fi okùn kan sí ara ẹrù àgbàlá, tí ojú-ìwé tó bá fẹ́ yí i padà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà, tí wíwò, yíyọ àti kíkọ yóò fi jẹ́ ohun kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni kò lè já bọ́ sí láàárín. Kí ẹni tó di okùn mú sì má ṣe dúró máa sọ ìtàn, nítorí pé ìlà ń gùn lẹ́yìn rẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹrù tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń lò kò gbọ́dọ̀ wà láìní Mọ́gàjí.

Ìdí tí yàrá fi ń tì

A wá padà sórí ọmọ tí òjò há mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Sáfà kò ní ojú tí yóò fi rí i pé àlejò dìde kúrò lórí àga. Ẹni tó pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ tó lọ sùn, ẹni tí iná mọ̀nàmọ́ná já lé lórí, àti ẹni tó sáré lọ mú ìwé-ẹ̀rí, ìdákẹ́jẹ́ kan náà ni sáfà ń gbọ́ láti ọ̀dọ̀ gbogbo wọn. Bí a bá ní kí yàrá kọ̀ọ̀kan wà títí ayé, ilé yóò kún fún yàrá tí kò lólùgbé, àlejò tuntun kò sì ní rí ibi wọ̀. Nítorí náà ni a ṣe ń ka ìṣẹ́jú láti ìjíṣẹ́ tó kẹ́yìn. Nínú Tomcat, ètò tí ọ̀pọ̀ ń fi gbé ojú-ìwé Java jáde, 30 ìṣẹ́jú ni wọ́n fi sí i bí ẹni tó ni ín kò bá yí i padà. PHP, èdè kọ̀ǹpútà mìíràn, ní tirẹ̀ fi 24 ìṣẹ́jú sí i, lẹ́yìn èyí tó lè gbá yàrá náà mọ́ nígbàkúùgbà. Ọmọ náà lo ju 40 lọ. Yàrá ti tì, àrokò ọwọ́ rẹ̀ sì ti di ti ilé tí a ti wó.

Ìdí kejì sì wúwo ju ti ààyè lọ. Ẹni tí àrokò wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni sáfà ń ṣílẹ̀kùn fún. Kì í wo ojú. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, Eric Butler, ọmọ Amẹ́ríkà kan, gbé ètò kékeré kan jáde tí ó pè ní Firesheep, tó fi han gbogbo ayé pé ẹni tó bá jókòó sí ibi tí Wi-Fi ọ̀fẹ́ wà lè gba kúkì ẹni tó jókòó sí tábìlì kejì láti inú afẹ́fẹ́, kí ó sì wọ Facebook rẹ̀ láìmọ ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ti túbọ̀ ń yára fi èdè ìkọ̀kọ̀ bo ìjíṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, èyí tí a ń rí àmì rẹ̀ nínú https tó ń bẹ níwájú àdírẹ́sì. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò sí èdè ìkọ̀kọ̀ tó lè gba ẹni tó fi ìdí ẹ̀rọ sílẹ̀ láìtilẹ̀kùn. Mo bi ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pé, “Nígbà tí o sáré lọ sílé, ta ló jókòó sórí àga rẹ?” Ó ronú díẹ̀, ó ní ọmọkùnrin kan tí òun kò mọ̀ rí wà níbẹ̀, ó ń tẹ ìwé tirẹ̀. Mo ní, “Orúkọ rẹ, ọjọ́ ìbí rẹ àti nọ́mbà ìdánwò rẹ wà nínú yàrá kan, kọ́kọ́rọ́ yàrá náà sì wà nínú bíráwúsà tí o fi sílẹ̀ fún un.” Ọmọ náà dákẹ́. Ó ti mọ̀ pé láàárín ìgbà tí òun fi dúró sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sí ohun tó dáàbò bo òun ju ìṣẹ́jú tí sáfà ń kà lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó mú ìwé-ẹ̀rí dání kí ó tó kúrò nílé, ó kọ fọ́ọ̀mù náà láti ojú-ìwé kìíní dé ìkẹyìn láìdìde, nígbà tí ó sì parí, ó wá ibi tí a ti ń jáde, ó tẹ̀ ẹ́, ó dúró títí ojú-ìwé fi béèrè orúkọ rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí, kí ó tó dìde fún ẹni tó kàn.